Ta ni ó ti rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ kékeré rí?

Ìyá Ìdòwú: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 5, wọ́n ní ó ga, kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Bàbá Tọ́lá: Ọmọ ọdún 5 kò san owó ilé, kò san owó iléèwé. Ìrònú ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, n kò gba èyí gbọ́.

Màmá Àyọ̀: Bàbá Tọ́lá, kì í ṣe ìrònú nìkan. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọkùnrin mi nígbà tí egbò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Egbò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná tán kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú láràárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n dúdú bí omi sóbò. Lóru ọjọ́ kan ni ó ṣàdédé gan, tí ojú rẹ̀ yí sókè. Ìyá ọkọ mi kígbe pé gìrì ni, wọ́n sì ti ń wá àgbo, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ara rẹ̀ tutù. Gìrì wo ni kò bá ibà wá? Ní ilé ìwòsàn ni a ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru gan-an, nítorí pé bí ara rẹ̀ ṣe ń bá kòkòrò inú egbò jà ni ó pa kíndìnrín rẹ̀ lára. Ó ti gbádùn báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ìyá Kẹ́hìndé: Wọ́n da àgbo sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu nígbà tí ó gan bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ó pa á.

Bàbá Tọ́lá: Ẹ má bú àgbo, ẹ jọ̀wọ́. Òun ni ìyá mi fi tọ́ wa dàgbà.

Màmá Àyọ̀: A kò bú u, sà. Ọmọ tí kò mọ ibi tí ó wà kò lè gbé nǹkan mì, ọ̀nà èémí ni yóò gbà.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́: Ìyá Ìdòwú, irú ọ̀já wo ni wọ́n wé mọ́ apá ọmọ náà? Ǹjẹ́ ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n? A kì í fi 120/80 ti àgbàlagbà díwọ̀n ọmọdé: ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀, àti bóyá ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni à ń wò. Bí ti ọmọbìnrin ọdún 5 bá ti dé 104/64, ó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò dáadáa.

Ìyá Ìdòwú: 118/76 ni wọ́n kọ sílẹ̀, ma. Ó ń sunkún, ọ̀já àgbàlagbà sì ni wọ́n lò.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́: Ẹkún lè mú un ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀já tí ó tóbi ju apá lọ a máa jẹ́ kí ó wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ni, nítorí náà ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ lọ́la sí ibi tí wọ́n ti ní ọ̀já ọmọdé, kí wọ́n lo apá ọ̀tún, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Bàbá Tọ́lá: Nọ́ọ̀sì, egbò wà lẹ́sẹ̀ ọmọ tèmi náà báyìí. Ṣé kí n gbé e lọ?

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́: Ẹ gbé e lọ, sà.