Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun màmá mi ń pọ̀ sí i: kí ló pa á pọ̀ mọ́ ikùn wọn?

Ọmọ Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún 8 nìyí tí màmá mi, tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìgbọ̀nà, ti ń bá àtọ̀gbẹ yí. Àyẹ̀wò oṣù tó kọjá fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wọn, àwọn tí ń bá kòkòrò àrùn jà nínú ara, jẹ́ 10,800; ní ọdún 3 sẹ́yìn, 6,200 ni. Ìwé àyẹ̀wò kò sọ pé ó burú, nítorí 11,000 ni òpin tí wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí ikùn wọn tí ó ń tóbi. Kí ló pa ikùn àti sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀? Àbí kí n kúkú ra oògùn apakòkòrò fún wọn?

Òṣìṣẹ́ Lábù: Dókítà yẹn kò ṣì í sọ. Ọ̀rá tí ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká kì í ṣe ẹrù lásán tí ara gbé pamọ́. Ó máa ń tú àwọn èròjà bíi interleukin-6 sínú ẹ̀jẹ̀, mùdùnmúdùn eegun yóò sì máa kó sẹ́ẹ̀lì funfun jáde bí ẹni pé ọ̀tá ti wọ̀lú. Àwọn èròjà wọ̀nyí kan náà ni kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì, èròjà tí ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ó fi wọ́pọ̀ pé kí alátọ̀gbẹ tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ga, bí kò tilẹ̀ tíì kọjá òpin, jẹ́ ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni sẹ́ẹ̀lì funfun wa kéré ju ti òyìnbó lọ láìṣàìsàn, nítorí náà bí ó ṣe gbéra láti 6,200 dé 10,800 ni èmi yóò wò, kì í ṣe òpin orí ìwé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gbé gbogbo ẹ̀bi ru ikùn. Ṣúgà tí ó ga máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì funfun di ọ̀lẹ. Wọ́n lè pọ̀ bí eṣú kí wọ́n má lè pa kòkòrò. Ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá wò, àti àárín ọmọ ìka, eyín àti ìtọ̀ wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo prednisolone fún orúnkún ríro, nítorí ó máa ń gbé sẹ́ẹ̀lì funfun àti ṣúgà sókè pọ̀. Apakòkòrò kò lè ṣe ohunkóhun sí ọ̀rá, bí kòkòrò bá sì wà, dókítà ni yóò yan èyí tí ó bá a mu.

Ọmọ Òṣogbo: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lálẹ́ àná. Egbò kékeré kan wà láàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò dùn àwọn rárá. A ó rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Ní ti ikùn, ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó ń ta èlùbọ́ pé kí ó dín àmàlà kù?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Pé kò dùn wọ́n gan-an ni ó ń kọ mí lóminú, nítorí àtọ̀gbẹ máa ń pa iṣan tí ń mọ ìrora. Ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé. Ẹ gbé wọn lọ lónìí.