"Atọ́ka" kọ́ ni pọ́ńtà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárọ̀ àná ní ká máa pe pọ́ńtà inú C (èdè tá a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà) ní "atọ́ka", nítorí pé ṣe ló ń nàka sí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Atọ́ka ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn onígírámà ní atọ́ka àsìkò, C fúnra rẹ̀ sì ní índẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà tá a fi ń mú ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tó tò tẹ̀ léra. Bí pọ́ńtà bá gba atọ́ka, kí la ó fún índẹ́ẹ̀sì?

Nọ́ńbà ojúlé ni pọ́ńtà gbé dání. Mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà dà bí àdúgbò gígùn kan, báìtì (àyè kékeré tó ń gba nọ́ńbà kan) kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tirẹ̀. Pọ́ńtà mọ nọ́ńbà ilé, kò mọ̀ bóyá wọ́n ti wó o. Ìdí tí mo fi dábàá "amọ̀júlé" nìyẹn, bá a ṣe ń sọ amọ̀nà. (Àwọn onífonọ́lọ́jì á ní ìpajẹ fáwẹ̀lì yẹ kó sọ ọ́ di "amojúlé". Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ "mójútó" ni etí mi ń gbọ́ nínú ìyẹn.)

Kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán o. Mo fi C kọ ètò kékeré kan fún ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, kó lè máa tẹ rìsíìtì. Ojúlé méje ni mo fún orúkọ ìlú oníbàárà: `char ilu[7]`. Ibadan gba mẹ́fà, òdo tí C fi ń parí ọ̀rọ̀ gba ìkeje. Iye owó ló wà nílé tó tẹ̀ lé e. Ó ń lọ geere títí tí èmi alákọ̀wé fi ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ohùn sí i. Lẹ́tà mẹ́fà náà ni "Ìbàdàn" lójú wa, àmọ́ nínú UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, Ì gba báìtì méjì, à kọ̀ọ̀kan gba méjì. Ó di 9, òdo sọ ọ́ di 10. C ò bi mí ní nǹkan kan. Ó kó èyí tó ṣẹ́ kù wọ ilé aládùúgbò, aṣọ 4,500 náírà sì di 110 náírà lórí rìsíìtì. Kí ni 110? Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń pe lẹ́tà "n" ni. Mi ò tíì gbàgbé ojú tí ìyá fi wò mí.

Ẹ fi "ọ̀rọ̀" fúnra rẹ̀ dán `strlen`, tó ń ka báìtì inú ọ̀rọ̀, wò: lẹ́tà mẹ́ta, 11 ló máa sọ fún yín.

Àbúrò kan wá béèrè pé kí la tún ń wá lọ́dọ̀ C, tí Dennis Ritchie ti ṣe ní Bell Labs láti 1972. Àìbéèrè yẹn náà ni. Kò dúró yẹ ojúlé kankan wò, ìyẹn ló jẹ́ kó yára, kó sì fúyẹ́, òun náà ni wọ́n fi kọ Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà àti SQLite tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Àìbéèrè yẹn náà ló bí `gets`, tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé láì bi í pé báìtì mélòó ni. Ibẹ̀ ni kòkòrò Morris, ètò tó ń tan ara rẹ̀ kiri, gbà wọ àwọn kọ̀ǹpútà kan ní 1988. Ó di 2011 kí wọ́n tó yọ `gets` kúrò nínú ìlànà C.

Tá a bá gba ojúlé, ìyókù rọrùn. `malloc` ni ká gba yàrá nínú mẹ́mọ́rì, `free` ni ká dá kọ́kọ́rọ́ padà. Yàrá tá a gbà tá a ò dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà ló ń jẹ mẹ́mọ́rì tán. "Tú sílẹ̀" tí ẹnì kan dábàá fún `free` ò burú, àmọ́ ẹran là ń tú sílẹ̀.

Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ni mo fi tún ètò ìyá Gbági kọ báyìí. C náà ni wọ́n fi kọ Python tí mò ń lò, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìyẹn fún ìyá.

Ibi tí "amọ̀júlé" ti há mi lọ́fun ni `NULL`, amọ̀júlé tí kò mọ ojúlé kankan. Ẹni bá lórúkọ fún ìyẹn, kó mú un wá.