Ìdáhùn: "Orin àjígbé" kọ́, "ohùn àyálò" ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lánàá ní orin ìfẹ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ tuntun lé ohùn orin àtijọ́, "orin àjígbé" ni ká máa pè é. Àbúrò kan ní "àtúnkọ" ti tó. Wọ́n gbìyànjú, àmọ́ n kò bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń wá orúkọ fún ná. Lọ́dún 1784, Martini, ọmọ Jámánì tó ń fi orin jẹun nílẹ̀ Faransé, fi ohùn sí ewì kan, "Plaisir d'amour". Ohun tí ewì náà ń wí ni pé adùn ìfẹ́ kì í pẹ́ tán, ẹ̀dùn rẹ̀ ló ń báni kalẹ́. Nígbà tó di 1961, Elvis Presley, olórin ará Amẹ́ríkà, gbé "Can't Help Falling in Love" jáde. Ohùn Martini ni, wọ́n kàn tún un tò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọrin yìí ní ìfẹ́ ti wọ òun lára, apá òun ò ká a mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ń kìlọ̀, ẹnì kejì ń sáré kó sí i. Elvis yìí náà ló sọ "'O sole mio", orin àwọn ará Naples nílẹ̀ Ítálì ti 1898, di "It's Now or Never" ní 1960. (Ó mọ ibi tí àwọn àgbà ń kó àkísà sí, ọkùnrin yẹn.)

Ibo wá ni olè wà níbẹ̀? "Àjígbé" ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹnu oníkálukú. Nígbà tí Eric Carmen, olórin ará Amẹ́ríkà, fi ohùn Rachmaninoff, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń ṣẹ̀dá orin, kọ "All by Myself" ní 1975, òun àtàwọn tó ni ogún Rachmaninoff jọ ṣàdéhùn owó nígbẹ̀yìn ni. Ẹni tó yá nǹkan lè jẹ gbèsè. Olè kì í jẹ gbèsè, ẹ̀wọ̀n ni tirẹ̀.

Ní ti "àtúnkọ", bí ẹnìkan bá kọ orin Ebenezer Obey látòkèdélẹ̀, tọ̀rọ̀-tọ̀rọ̀, ìyẹn ni mo máa pè ní àtúnkọ. Kí la ó wá pe èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá?

A ti ní "ọ̀rọ̀ àyálò" nínú gírámà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè mìíràn; ibẹ̀ ni mo ti mú "ohùn àyálò" fún irú orin yìí. Búrẹ́dì, tábìlì, àlùbọ́sà tó tọ̀dọ̀ Haúsá wá: kò sí èyí tó wọlé tí a kò fún ní fáwẹ́lì àti àmì ohùn tiwa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni orin ń ṣe lẹ́nu Yorùbá, torí ọ̀rọ̀ wa kì í gbà kí orin wọ́ òun kiri. Níbi ìgbéyàwó kan ní Òṣogbo, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó fi ohùn orin òyìnbó kan kọ "ọkọ mi ti dé". Ibi tí orin yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ já: "ọkọ̀ mi ti dé" ni gbogbo wa gbọ́. Ìyá àgbà tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé Tòyótà ni. Ẹni tó bá fẹ́ yá ohùn níbí, àfi kó tẹ ohùn náà fún ọ̀rọ̀, tàbí kó wá ọ̀rọ̀ tó máa gun ibi tí orin ń gùn. Adekunle Gold gbé "Ṣadé" ka orí "Story of My Life" ti ẹgbẹ́ akọrin One Direction (2013). Ẹ wo orúkọ yẹn: bí orin bá wálẹ̀ lórí "dé", "Ṣadè" ni yóò dà, kò sì sí ọmọge tó máa jẹ́ ẹ.

"Ìṣọ̀kan ohùn" tí ẹ̀gbọ́n tún dábàá fún kí sopuránò, àlítò, tẹ́nọ̀ àti báàsì, ohùn mẹ́rin inú ẹgbẹ́ akọrin láti òkè dé ìsàlẹ̀, máa ba ara wọn mu kò tọ̀nà. Bí gbogbo wọn bá ń kọ ohun kan ṣoṣo ni ìṣọ̀kan. "Ìbáramu ohùn" ni tèmi. Kọ́ọ̀dù ní tirẹ̀, ìyẹn ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ kọ́ọ̀dù. Odó àdúgbò ni, ẹnikẹ́ni lè gúnyán nínú rẹ̀, n kò sì rò pé a ń yá a lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ohun tí n kò tíì rí orúkọ fún ni èyí tí wọ́n gé ègé rẹ̀ gan-an látinú àwo ẹlòmíràn, tohùn-tìlù, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwọn. Àwọn ọmọ sítúdíò ń pè é ní sáńpù. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù bẹ́ẹ̀, kó mú un wá. Ẹ ṣáà má ní "àjígbé".