Ta ló ń sáré lójú oorun? Lórí "ìsáré-ọkàn"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbúrò wa tó ní ká máa pe iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan ní "ìsáré-ọkàn" lédè Yorùbá ṣe akitiyan, àmọ́ "eré" tó há sínú "sáré" yẹn ló ba ọbẹ̀ jẹ́. Ẹ gbọ́ ọ létí: "Ìsáré-ọkàn ẹni tó sùn wọra jẹ́ 52." Eré wo lẹni tó ń hanrun ń sá?

Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 lọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá wọ oorun àsùnwọra, ẹni tó ń lù 70 lè já sí 55. Ti eléré ìje lè dé 40 láìsí àìsàn kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀, lápá òkè ọ̀tún ọkàn, bí 100 ni ì bá máa lù tá a bá fi í sílẹ̀. Iṣan kan tó ti ọpọlọ wá, vagus, ló ń tẹ bíréèkì fún un. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún, tí iṣan yẹn ti gé, tirẹ̀ sábà máa ń lé ní 90 bó tilẹ̀ dùbúlẹ̀. Bíréèkì ló ń ṣiṣẹ́ lóru, kì í ṣe eré. "Iye ìlù ọkàn" tó wa.

Ẹ má sì kọ "lílù ọkàn". "Lílù Àjàní" kì í ṣe ìlù tí Àjàní lù. Àjàní ni wọ́n nà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, mo ti jọ̀wọ́ eré. Ṣùgbọ́n oorun alálàá ńkọ́, èyí tí Aserinsky àti Kleitman, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa oorun, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1953, tí ẹyinjú ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú? Ìlù ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Á gòkè bíi ti ẹni tó lajú, á tún já. Eré díẹ̀ wà níbẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú ni "ìlù ọkàn jíjí" tẹ́nì kan kọ fún ti ẹni tó ti jí. Jí ti oorun, jí ti olè, àmì òkè ni méjèèjì. Ohùn ò lè gbà wá. Bá a bá sì ní ká lo "àìsùn" dípò rẹ̀, ìyẹn ti di ti òkú àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dábàá "ìlù àjíkà", bíi àjísà. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ á kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kà á: lórí ibùsùn, kẹ́ni náà tó dìde, torí ìdìde lásán lè fi 10 sí 20 kún un. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni kẹ́ ẹ fi tẹ ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò ní ìlù tirẹ̀, á da kíkà rú. Ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹni tó ka ìṣẹ́jú àáyá 15 tó wá fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, tó bá fo ẹyọ kan, mẹ́rin ló fò. Aago ọwọ́ oníná àwọ̀ ewé tó ń ka ìlù ọkàn náà ń purọ́ bí okùn rẹ̀ bá dẹ̀.

* * *

Àjíkà dáa. Ti ẹni tó ta jí láàjìn ńkọ́?

Ta ló tún fún yín ní "ọkàn"? Lẹ́nu àwọn àgbà, ọkàn ń balẹ̀, ọkàn ń pòrúurùu. Àyà ló ń lù kìkì.

* * *

Àyà kẹ̀? Àyà tí ọmú wà lórí rẹ̀?