"Ààrò núkílíà" kò bá gbogbo ẹ̀rọ mu: ti Zaria àti ti Ifẹ̀

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe riákítọ̀, ẹ̀rọ tó ń la kókó (àárín gbùngbùn) átọ̀mù yuréníọ̀mù, ní "ààrò núkílíà", kí Zaria àti Ilé-Ifẹ̀ sì jọ máa jẹ́ "ìlú alááàrò", nítorí ibùdó ìwádìí tó wà ní yunifásítì méjèèjì. Ti Ifẹ̀ kọ́kọ́ já. Kò sẹ́ni tó ń la yuréníọ̀mù níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń fi iná mílíọ̀nù 1.7 fólítì mú prótọ́ọ̀nù (egunrín inú kókó átọ̀mù) tó gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dání sáré: ó kọ́kọ́ fà á, ó bọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lára rẹ̀, ó wá tì í síwájú. Fólítì kan náà, iṣẹ́ méjì. "Amúyára" tó o.

Ti Zaria ló ń là. Ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kílówáàtì 30 ó lé díẹ̀ péré ni. Ẹni tó bá gbọ́ "ààrò" á máa retí ooru, bẹ́ẹ̀ nítúrọ́ọ̀nù, egunrín tó ń fò jáde bí kókó bá là, ni wọ́n ń wá níbẹ̀; omi ló ń gbé ooru lọ. Ẹ jẹ́ kí "ààrò" wà fún irú Koeberg, ibùdó iná mànàmáná ní South Africa, tó ń se omi di ooru omi tí ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná.

Ẹlòmíì mú "pípa èkùrọ́" wá fún bí kókó átọ̀mù ṣe ń là. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń pa èkùrọ́: èèpo ló fẹ́ fọ́, bí ọmọ inú bá fọ́, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ní ti yuréníọ̀mù 235, ọmọ inú gan-an ló ń là sí méjì tí kì í sábà dọ́gba, nítúrọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta á fò jáde lọ la òmíràn. Obì ló sún mọ́ ọn, torí obì fúnra rẹ̀ ló ń di awẹ́. Mo dábàá "ìlakókó" fún iṣẹ́ náà, "awẹ́" fún ohun tó là. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i, kó má di kòkó olóko.)

"Ìdajì ẹ̀mí", fún àkókò tí ìtànṣán ohun kan fi ń dín sí ìdajì, ni n kò lè gbà. Ní Zaria, wọ́n á wọn erùpẹ̀ tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí kò tó gíráàmù kan, wọ́n á dì í sínú ike, afẹ́fẹ́ á gbé e gba inú páìpù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítúrọ́ọ̀nù, tí yóò mú kó máa tan ìtànṣán. Bó bá jáde, wọn kì í kánjú ka ìtànṣán rẹ̀, torí ti alumíníọ̀mù inú rẹ̀ á bo ti yòókù mọ́lẹ̀. Ní ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀, tirẹ̀ á ti dín sí ìdajì. Bí ìgbà méjì irú rẹ̀ bá kọjá, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣì kù, kò tíì kú. "Àkókò ìdajì" ni kí a kọ.