Èsì: Ìtàn àdàlù ni, kì í ṣe ìtàn àmúlùmálà

Ẹ̀yin ará mi,

Ìbéèrè tí olùkọ́ kan láàrin wa gbé kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun fẹ́ mọ orúkọ tí Yorùbá lè pe ìtàn àròsọ tó kó ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta mọ́ra: ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí iwin ń rìn nínú rẹ̀, ìtàn ìfẹ́ tó dójú ọ̀nà tó di ìtàn ogun. Ẹnì kan dáhùn pé "ìtàn àmúlùmálà". Ẹlòmíràn ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé àwọn baba wa kò fi ògiri sáàrin ẹ̀yà kan àti èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ògiri kúrò nílẹ̀. Ògiri wà. Ta ló jẹ́ sun ẹkún ìyàwó níbi tí àwọn ọdẹ ti ń sun ìrèmọ̀jé fún ọdẹ tó kú? Wọ́n á lé e dànù ni. Àmọ́ ògiri náà ní ilẹ̀kùn: àlọ́ ń lọ lọ́wọ́, orin á wọlé, àwọn ọmọ á gbè é, àlọ́ á tún máa bá tirẹ̀ lọ.

Àmúlùmálà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a ti ń lò ó. Ọmọ tó sọ Yorùbá mẹ́ta tó fi Gẹ̀ẹ́sì méjì há a láàrin, èdè àmúlùmálà ló ń sọ. Ẹni tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ tó gba ilé babaláwo lálẹ́, ẹ̀sìn àmúlùmálà ló ń ṣe. Ìbáwí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lè fà yọ nínú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ ohun tí òǹkọ̀wé ṣe, ṣé kí n ní "ó mú un lù málà" ni? Ẹnu ò gbà á.

Àdàlù ni tèmi. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ tí a mọ Abẹ́òkúta wa yìí mọ́: à-dì-rẹ, à-dà-lù. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì. A di aṣọ, a rẹ ẹ́ sínú aró; a da ọ̀kan lu èkejì. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì ń rìn láìfẹsẹ̀kọ: "ó da ìtàn ìfẹ́ lu ìtàn ọ̀daràn."

Mo ti gbọ́ yín. Ẹ ní oúnjẹ ni àdàlù. Bẹ́ẹ̀ ni, àdìrẹ náà, dídì ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Àdìrẹ oníko ni a ń fi ìko dì. Ṣùgbọ́n ta ló ń di àdìrẹ ẹlẹ́kọ? Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ láfún láti fi ya ọnà sára aṣọ, kò sí okùn, kò sí kókó, àdìrẹ náà la sì ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ oúnjẹ ṣe lè di orúkọ ìtàn.

Oúnjẹ yẹn gan-an ló tún mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Nínú àwo àdàlù, ẹ̀wà ṣì jẹ́ ẹ̀wà, àgbàdo ṣì jẹ́ àgbàdo, ṣíbí kan náà ló sì ń bu méjèèjì. Ẹ rántí ìwé tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, tó jáde ní 1952, nípa ọ̀mùtí tó ń wá ẹni tó ń dá ẹmu fún un lọ sí ìlú àwọn òkú. Àlọ́ ni látòkèdélẹ̀. Lójijì, ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni ní èlé pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Ìwé ìṣirò oníṣòwò rèé láàrin iwin! Ẹ lè fi ọwọ́ ṣà á jáde bí ẹni ṣa ẹ̀wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣà á tán, adùn ti lọ.

Ẹni tó bá ń se àdàlù pẹ̀lú àgbàdo gbígbẹ mọ̀ pé àgbàdo ló ń kọ́kọ́ gbé kaná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtàn. Bí òkú bá sùn sílẹ̀ lójú ìwé kìíní, ẹni tó pa á ni òǹkàwé á máa wá, bó ti wù kí ìfẹ́ dùn tó lẹ́yìn náà.

Ibi tí àdàlù ti já mi kulẹ̀ ni ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929. Lẹ́tà ni, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, inú ìwé ìròyìn ló sì wà, débi pé àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin kan wà lóòótọ́ tó ń kọ ọ́. Kò sí ẹ̀wà tí èèyàn lè ṣà níbẹ̀. Láfún tí wọ́n ti rò tó ti dán ni. "Àròpọ̀" ì bá bá a mu, àmọ́ àwọn oníṣirò ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Mo fi "àpòpọ̀" lélẹ̀. Ẹ fi àdàlù sílẹ̀ fún èyí tí ojú ṣì lè yà sọ́tọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àǹtí mi kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lọ. Mo ní, "Ẹ̀yin mà, ìtàn àmúlùmálà àti ìtàn àdàlù, èwo lẹ máa rà?" Wọ́n ní àdàlù, pé wọn kì í fowó ra ohun tí ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ ń bú. Inú mi dùn. Ni wọ́n bá tún bi mí pé, "Ẹni tó bá wá da omi lu ẹmu ńkọ́?"

Mo dákẹ́. Òótọ́ ni, dídàlù náà ní àbùkù tirẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé omi ló wọnú ẹmu tó fi pa á. Ẹ̀wà kò pa àgbàdo. Ìtàn tí wọ́n da omi lù wà lóòótọ́, mo ti ra mélòó kan.

Ẹyọ kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò: kí la fẹ́ pe ẹni tó ń kọ ọ́? Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ̀wé ní aládàlù, ó sì bi mí pé èló ni mo fẹ́ rà.