Ajá Boerboel mi ò jẹun dáadáa mọ́

Ará Ìtòkò: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá mi pé oṣù 9, ìwọ̀n rẹ̀ ti tó kílò 50. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdajì láfún ló ń jẹ, á wá na ara sórí sìmẹ́ńtì, ahọ́n níta. Ìyá mi ní kí n máa bá a sáré gun Olúmọ kó lè jí pépé. Ṣé kí n ṣe é?

Bàbá Alájá: Rárá o, àbúrò! Eegun rẹ̀ ò tíì gbó. Kó máa rìn jẹ́jẹ́ láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Láfún nìkan kẹ̀? Ajá tí àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà fi ń ṣọ́ oko! Fi ẹyin àti ẹja sí i, má fi àlùbọ́sà sí i. Tó bá jẹun tán, kó sinmi. Ikùn ajá tèmi lọ́ pọ̀ nígbà tó jẹun tán tó lọ ń sáré, ilẹ̀ ò ṣú tó fi kú.

Ìyá Bingo: Ẹ wo abẹ́ etí rẹ̀. Eégbọn ló fa ibà fún tèmi, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi zóbò.

Ará Ìtòkò: Háà! Eégbọn 11, etí kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ẹran FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, là ń lọ lọ́la. Ọlọ́kadà wo ni yóò gbé wa dé Alábàtà?